Ẹ̀jẹ̀ Lápá Ṣẹ́ẹ̀tì Kúùkù

Ọjọ́ tí ọlọ́pàá méjì gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo ń kó ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ni. Wọ́n fi òwú pupa tí mo rán sí ọrùn rẹ̀ hàn mí, àmì tí àwa alágbàfọ̀ fi ń mọ aṣọ oníbàárà kan yàtọ̀ sí tèkejì.

"Ṣé àmì tìẹ nìyí?"

"Tèmi ni, sà. Aṣọ Bọ̀ọ̀dá Jeremáyà ni."

Wọ́n na apá ọ̀tún rẹ̀ síta. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti pọ́n rúsúrúsú. Wọn ò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá Jeremáyà ni kúùkù òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nílùú wa nígbà tí òmìnira ku ọdún díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n bá Ràfíù, tó ń tọ́jú ọgbà òyìnbó náà, lókùú lẹ́yìn ilé ọkọ̀. Wọ́n ti fọ́ ọ lórí. Òun àti kúùkù kì í gbọ́ ara wọn yé rárá. Kúùkù á já tòmátì láì tọrọ. Ràfíù náà á fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ kíṣìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, kúùkù ti pariwo létí gbogbo ilé pé òun á fọ́ orí Ràfíù lọ́jọ́ kan. Nígbà tí wọ́n wá rí ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́jẹ̀ nínú àpótí rẹ̀, tí òun náà ò mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dé ibẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé. Tí ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, wọ́n á yẹgi fún un ni.

Èmi mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa: alágbàfọ̀ kì í ra aṣọ òde láyé ìgbà náà. Èyí tí oníbàárà bá gbé wá, tó bá ti bá wa mu, a ó wọ̀ ọ́ jáde kí a tó fọ̀ ọ́. "Fífẹ́ aṣọ sí atẹ́gùn" la ń pè é láàárín ara wa. Ní ọjọ́ Àìkú, mo fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kúùkù sí atẹ́gùn dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi obìnrin. Mo gbáfẹ́ ju bàbá ọmọ lọ. Wọ́n ní kí n bá wọn di ẹsẹ̀ àgbò mú kí wọ́n dú u, àgbò ta gìrì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sí apá ṣẹ́ẹ̀tì.

Bàbá Àkàndé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ti kì mí nílọ̀ tipẹ́: "Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀. Tí iná bá ti kàn án, ó di ti aṣọ nìyẹn." Ṣùgbọ́n ọ̀sán Ajé ni ìyàwó kúùkù ń bọ̀ wá gba aṣọ. Mo sáré fi ọṣẹ bó o, mo lọ̀ ọ́ kó tó gbẹ dáadáa, àbàwọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin lójú mi báyìí. Mo ká apá náà sínú, mo gbé e fún un.

Nígbà tí wọ́n ti kúùkù mọ́lé, mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sì jẹ́wọ́ fún un.

"Tó o bá sọ ọ́ ní kóòtù," ó ní, "ta ló tún máa gbé aṣọ fún alágbàfọ̀ kankan l'Ọ́yọ̀ọ́?"

"Wọ́n máa pa á, Bàbá."

"Ọlọ́run á gbà á."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dákẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ títí dòní. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó kúùkù, gbé bùbá àti ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ wá.

"Múfú, bá mi fọ̀ ọ́ kó mọ́, kó o lọ̀ ọ́ kó gún. Mi ò fẹ́ kó dúró níwájú adájọ́ bí ọ̀daràn. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe apànìyàn."

Mo fọ aṣọ náà, omijé ń bọ́ sínú ọpọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí kóòtù fúnra mi, mo sì bẹ lọ́yà rẹ̀ pé kó pè mí ní ẹlẹ́rìí. Mo rò ó láti orí dé ìdí.

Lọ́yà ìjọba wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé gbogbo yín lẹ máa ń wọ aṣọ oníbàárà ni?"

"Gbogbo wa ni, sà."

Obìnrin kan figbe ta lẹ́yìn: "Háà! Abájọ tí sányán ọkọ mi fi máa ń bọ̀ pẹ̀lú òórùn lọ́fínńdà!"

Ẹ̀rín sọ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n adájọ́ ní kí wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ fún àyẹ̀wò l'Ékòó. Èsì dé pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ni. Àwọn ọlọ́pàá tún ilé òyìnbó náà tú, wọ́n sì rí irin ẹlẹ́jẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì dírẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé Ràfíù ká òun mọ́ ibi tí òun ti ń jí bẹntiróòlù. Wọ́n dá kúùkù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, aláǹgbá nìkan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn alágbàfọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ò kí mi. Ẹni tó kọ́kọ́ padà gbé aṣọ wá ní, "Ìwọ tó o ti jẹ́wọ́ nìkan lọkàn wa balẹ̀ sí báyìí." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun títí mo fi darúgbó.

Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n dá Bọ̀ọ̀dá Jeremáyà sílẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Ó ti rù hangogo. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò wọlé.

"Ọjọ́ wo lo ti mọ̀, Múfú?"

"Ọjọ́ kìíní, sà." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Mo ti ń retí kó gbá mi nípàá.

"Dìde, o ń ba aṣọ jẹ́," ó ní. "Ta ló ni èyí tó o wọ̀ yẹn?"

"Èmi ni mo ni ín, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà lẹkún ti dé, ó jókòó tì mí nílẹ̀, a sì jọ sun ún.