Àlejò Nínú Ilé Bàbá Wa

Rédíò làwọn ará àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, nítorí rédíò ló ń tún ṣe. Ẹ má rò pé ó lẹ́nu o. Ó lè jókòó sídìí iṣẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, kí méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ "ẹ pa dà wá lọ́la." Èmi ni mo lẹ́nu nínú ọmọ mẹ́ta tí bàbá wa bí. Ẹnu yìí náà ni mo fi lé e jáde nílé.

Aṣọ ni mò ń lọ̀ fún àwọn èèyàn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró nídìí áyọ́ọ̀nù, títí ẹsẹ̀ mi méjèèjì fi wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi. Ìwé ìhágún bàbá wa fi ilé sílẹ̀ fún èmi àti àbúrò mi obìnrin. Orúkọ Rédíò kò sí níbẹ̀, nítorí wọ́n ti ra ṣọ́ọ̀bù fún un kí wọ́n tó kọ ìwé náà. Ṣọ́ọ̀bù jóná. Ó kó ìwọ̀nba rédíò tó kù wá sí yàrá ẹ̀yìn, nígbà tí àìsàn sì dá bàbá wa gúnlẹ̀, òun ló ń wẹ̀ fún wọn, òun ló ń gé èékánná wọn, fún odidi ọdún mẹ́rin. Èmi ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá wa ò yí ìwé yẹn padà. Bóyá wọ́n rò pé àwa ọmọ ò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ ara wa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi opó tí kò bímọ, mo kó wá sí yàrá iwájú. A ń jà bíi ti kékeré: mo ní òórùn òjé tó ń yọ́ fi lẹ wáyà rédíò ń wọ aṣọ àwọn oníbàárà mi, ó ní áyọ́ọ̀nù mi ń fa iná jù. Nígbà tó di ọdún kan, àbúrò wa tó wà lókè òkun ní ká ta ilé, mo sì gbà. Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí màá ti máa jókòó gba aṣọ, kí ẹlòmíràn máa lọ̀ ọ́. A sọ fún Rédíò. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, ó sì kọjú sí wáyà ọwọ́ ẹ̀.

Lọ́yà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ ò lè ju ẹrù wọn síta o, ẹ ò sì lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. A ó kọ́kọ́ fún wọn níwèé pé kí wọ́n kó jáde. Tọ́jọ́ inú ìwé bá pé tí wọn ò lọ, a ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ohun tí adájọ́ máa fẹ́ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe dénú ilé yẹn. Ẹ ní ẹ fún wọn láyè ni. Àlejò ni wọ́n."

"Àlejò kẹ̀?"

"Lójú òfin ni, Màmá."

Ọjọ́ inú ìwé pé, Rédíò ò kúrò lójú kan. La bá délé ẹjọ́. Mo búra. Adájọ́ bi mí, mo ní, "Àlejò wa ni, Olúwa mi." Wọ́n bi Rédíò ní ohun tó ní í sọ. Ó wò mí títí. Ó ní, "Bó ṣe wí ló rí." Wọ́n fún un lọ́gbọ̀n ọjọ́. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo tiẹ̀ ra bàtà tuntun fẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Rédíò ni, kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ kúulé o. Ṣé mo lè wọlé?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òun ò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò wọlé rí láìkanlẹ̀kùn. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbé omi kaná?" Á tọrọ àyè kó tó jókòó sórí àga tí òun fúnra ẹ̀ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, mo pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáwọ́ nínú ìyà tí ẹ fi ń jẹ mí yìí."

"Ìyà kọ́," ló wí. "O ti búra níwájú adájọ́ pé àlejò ni mí. Ṣé kí n wá sọ ẹ́ dòpùrọ́ ni?"

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó má lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi, ni mo bá rántí ẹsẹ̀ mi, mo gbé e mì.

Nígbà tí akódà ilé ẹjọ́ dé, ẹrù Rédíò ti wà níta. Ó ti gbá yàrá, ó ti fi ọ̀bẹ ha gbogbo òjé tó kán sílẹ̀. Akódà tó múra ìjà wá kàn dúró, ojú ń tì í. Rédíò fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí sílé," ló wí. Omi dà lójú mi débi pé mi ò rí ibi tí mo fọwọ́ sí nínú ìwé akódà.

A ti ta ilé náà. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti ní àga onítìmùtìmù. Lóṣù tó kọjá, mo lọ sí yàrá tó háyà. Mo kanlẹ̀kùn. Ó yí ohùn rédíò wálẹ̀, ó ní kí n wọlé. Àga kan ṣoṣo ló ní. Ó nù ún, ó fún mi jókòó, ó bu omi fún mi, ó béèrè ẹsẹ̀ mi. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní òun ò bínú. Mo sì rí i pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo dìde, ó wọ bàtà. Mo ní kó má ṣèyọnu. Láti kékeré wa, ẹ̀gbọ́n mi ò sìn mí sọ́nà rí. Ta ló ń sin ará ilé ẹ̀? Ó sìn mí dé títì, ó dúró tì mí títí ọkọ̀ fi dé.

"Ẹ bá mi kí ará ilé o," ló wí.

Mo ní wọ́n á gbọ́. Èmi nìkan ni mò ń dá gbé.