Agbádá Bàbá Lórí Kọ̀ǹpútà

Òórùn ike tó ń gbóná ló jí mi láàárọ̀ Sátidé kan nílé wa ní Lugbe, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ ká ṣe fídáù ogójì ọjọ́ bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà.

Utako ni Bàbá ti máa ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tò ó pọ̀, èmi ni mo sì ń bá a di nọ́ọ̀tì mú. Bí mo bá ń kánjú, á ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà náà. Àdúrà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún Màmá pé tèmi ni ìparí rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ju oúnjẹ lọ.

Kọ̀ǹpútà ò gbà. Bàbá á ṣe àdúrà títí, á pe oríkì mi, "Àṣàkẹ́," kọ̀ǹpútà á sì kú. Iná ò lọ o. Fáànù òkè ń yí lórí wa. Àárọ̀ mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ní bóyá Bàbá ò tíì fẹ́ ká gbọ́. Láti fídáù ọjọ́ kẹjọ ni Màmá ti fi agbádá Bàbá bo àpótí kọ̀ǹpútà náà, nítorí eruku ọyẹ́ àti nítorí ọ̀wọ̀. Ó wá fi bùbá kún un láti fi tu Bàbá lójú. Láti ìgbà náà, sálámà tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ gan-an kì í parí tó fi ń kú. Ẹ̀rù bà mí débi pé sísá ni mò ń sá kọjá ní pálọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, Màmá ti tàn án, ó ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ti lọ sunkún lẹ́yìnkùlé. Mo fọwọ́ kan agbádá náà. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ẹni tó wà láàyè. Mo ti yíjú láti sá kí n tó rántí ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo fẹ̀sọ̀ ká aṣọ náà kúrò. Ooru fẹ́ sí mi lójú. Aṣọ ti dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀.

Màmá wọlé, ojú rẹ̀ le. Ó bi mí pé ta ló ní kí n ṣí ohun tí òun bò.

"Ooru ló ń mú un, Màmá," ni mo wí.

Ó fọwọ́ kan àpótí náà wò. A dúró kó tutù, a sì tún un tàn. A gbọ́ àdúrà náà tán, Bàbá sì pè mí.

"Àṣàkẹ́, bí nǹkan bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, má sá. Ṣí i wò. Ó dìgbà o."

Màmá ṣe àmín. Àmín ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi kú, láìsí aṣọ lórí rẹ̀, tí ara rẹ̀ sì tutù. Kò tún kú bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe lónìí. Wọ́n ń gbé e wá bá mi láti Gwagwalada pàápàá. Mo ń ṣí i wò, mo ń rí ohun tó pa á. Ti ẹ̀yìn àmín ọjọ́ yẹn nìkan ni mi ò rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ níjọ́sí gbà pé òun mọ ẹni tó pa á. Èmi àgbà ò sá mọ́, àmọ́ mi ò tíì rí èsì tó dára ju tirẹ̀ lọ.