Oúnjẹ Tí Mo Fún Ẹja ní Inísà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi jáde ní Ìkìrun, tèmi ti garawa òfìfo. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wọ̀ dé Òkukù. Sísì ni wọ́n gbà lówó ọkọ̀. Ìdí mi san ìyókù, torí orí pákó la jókòó, kòtò ló sì kún ọ̀nà.

Ẹja epìyà kéékèèké ni mo lọ rà. Ìyá mi fi àkùrọ̀ ẹ̀fọ́ wọn sílẹ̀ fún mi, mo gbẹ́ ẹ di adágún ẹja. Àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíṣà fẹ́ gbin ẹja!" Bí adágún yìí bá ṣófo, ẹ̀fọ́ ìyá mi ti ṣègbé lásán nìyẹn.

Bàbá ọlọ́sìn ẹja ní Òkukù ka ogójì sínú garawa. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan jẹ lọ́nà o. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Oúnjẹ kò ní dà nínú wọn. Omi ló máa bàjẹ́, wọ́n á sì kú."

Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, táyà bẹ́ ní Inísà. Ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo yà sílé àbúrò ìyá mi, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá. Bí wọ́n ṣe yọjú wo garawa, wọ́n pariwo: "Háà! Ìwọ nìkan lò ń jẹun, tí àlejò ń wò ọ́ lẹ́nu?"

Ojú tì mí. Mo rún ẹ̀kọ sómi. Wọn ò fẹnu kàn án. Mo ní bóyá wọn ò fẹ́ràn ẹ̀kọ ni, mo bá fi àkàrà kún un. Orí mi dà?

Ká tó dé Ìkìrun, epo ti bo ojú omi, ó ń rùn. Mọ́kànlá péré ló yè tí mo dà sí adágún. Inú rere náà ní àsìkò tirẹ̀. Èmi tíṣà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ìyá mi wo òkú ẹja. Wọ́n gbé iyán gbígbóná síwájú mi. "Jẹun, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Mo rọra tì í sẹ́yìn. "Màámi, ẹ má bínú. Kò lè dà nínú mi."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo adágún.

"Ó dáa. Oúnjẹ tìwọ àti tàwọn ẹja, ó dọ̀la." Wọ́n sì fi ọmọrí dé iyán náà.