Iná Tí Kò Kú Nínú Ìjàpá Nàfísátù

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Nàfísátù ṣe rí kí n tó sọ ohun tó ṣe, torí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa rò pé mo ń bù mọ́ ọn ni. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, ará Ṣakí, tó bá ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín báyìí, ẹ máa rò pé òdìkejì títì lẹ wà. Ilé kan náà la jọ ń gbé l'Ágbowó, ògiri kan ló là wá láàárín. Kò sóhun tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ tí mi ò gbọ́. Mi ò dẹtí o, ohùn rẹ̀ ló ń wá bá mi nílé. "Àlájà" là ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò fojú kan Mẹ́kà rí. Gèlè funfun ló fà á, tó máa ń wé torí pé ìyẹ̀fun kì í hàn lára funfun.

Búrẹ́dì ló ń tà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sórí kiri o. Láàárọ̀ kùtù, á wa ọkọ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì kan ní Challenge, á kó búrẹ́dì gbígbóná sẹ́yìn ọkọ̀ títí yóò fi kan òrùlé, á wá máa já a fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Bódìjà àti àwọn tó ń tà fún ọmọ Yunifásítì lọ́dọ̀ wa níbí. Ọkọ̀ ọ̀hún, Fọ́kísí ni, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó sùn mọ́jú. Àjọ ló dá tó fi rà á. Lọ́jọ́ tó gbé e délé, Sùlàímọ́nù ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Obìnrin tó bá ń wakọ̀, ta ni yóò máa dáná?"

Nàfísátù ní, "Bàbá Moróunkẹ́, ẹ̀yìn ni ẹ́njìnnì ìjàpá wà. Iwájú ṣófo. Ẹ bá mi gbé sítóòfù síbẹ̀."

Irú obìnrin tí mò ń sọ nìyẹn.

Lọ́dún tí owó páàtì ọkọ̀ ń fò sókè bí ẹni pé ajá ló ń lé e, Nàfísátù ń bọ̀ láti Challenge láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ó dé Ring Road, ni iná aláwọ̀ ewé bá tàn lójú géèjì. Ẹni tó bá ti wa ìjàpá rí mọ iná yẹn. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn. Tí ẹ́njìnnì bá ti dún, á kú. Tó bá wá tún tàn lójú ọ̀nà, ohun tó ń wí ni pé ọ́ìlì ò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́, pé kẹ́ ẹ yáa dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́njìnnì á gan pa. Nàfísátù dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gèlè funfun rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì kún. Ó mọ́. Ó fi ìka méjì pa á, kò sí iyanrìn nínú rẹ̀. Ló bá pe takisí kó búrẹ́dì lọ fún àwọn oníbàárà, ó ní kí wọ́n bá òun fa ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àjàgbé, mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì.

Ọ̀gá Àjàgbé gbajúmọ̀ ní Challenge. Sùkúdíráfà gígùn kan ló fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Á gbé ẹnu rẹ̀ lé ẹ́njìnnì, á ki ìdí rẹ̀ bọ etí, á wá dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìjàpá Nàfísátù, ó mi orí.

"Ẹ́njìnnì ti lọ, Àlájà."

"Lọ síbo?"

"Bẹ́rìn inú ẹ̀ ti jẹ. Ìyẹn niná ń sọ. A máa sọ ẹ́njìnnì kalẹ̀, ẹ sì mọ bí páàtì ṣe rí lásìkò yìí. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá tà á. Mo mọ ọkùnrin kan l'Ápáta tó ń tú ìjàpá tà ní wẹ́wẹ́."

"Ọkọ̀ tó gbé mi láná, kí n fún ẹni tó máa tú u bí adìyẹ?"

"Mo ní bó bá jẹ́ èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́ ni. Ẹ ṣeun."

Ó ní kí wọ́n fà á wá sílé. Kẹ́ ẹ sì wá gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin ṣe. Ọ̀gá Àjàgbé ò bá obìnrin tó ni ọkọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ ló lọ bá níbi iṣẹ́ ní Dúgbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn Sùlàímọ́nù láti inú ògiri, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi ti ẹni tó ti jẹ̀bi.

"Mo ti bá wọn sọ ọ́. Ọkùnrin Àpáta ń bọ̀ ní Sátidé wá fà á lọ."

"Fa kí ni?"

"Mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀, Nàfísátù. Kí lo mọ̀ nípa ẹ́njìnnì?"

"Mo mọ ẹni tó rà á!"

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ irin lásán ni o. Takisí ń jẹ gbogbo èrè orí búrẹ́dì. Ilé búrẹ́dì náà sì ní òfin tiwọn: ẹni tí ò bá ní ọkọ̀ tí yóò fi kó o, wọn kì í fi ìpín búrẹ́dì pa mọ́ fún un. Wọ́n ti sọ fún un pé tó bá di Sátidé tí kò tíì gbé ọkọ̀ dé, àwọn á gbé ìpín rẹ̀ fún ẹlòmíì. Bódìjà lọ nìyẹn, Agbowó lọ nìyẹn. Ó di kó jókòó máa wo ọwọ́ Sùlàímọ́nù.

Nígbà tó di ọjọ́ Fúráìdè, ó kan ìlẹ̀kùn mi. "Ìyá Yọ̀mí, wá bá mi wo nǹkan." A wọ inú ọkọ̀ níbi tó dúró sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́njìnnì dún ìṣẹ́jú kan, ó pa á.

"Kí lo rí?"

"Iná."

"Báwo ló ṣe tàn?"

"Ó tàn bí iná ṣe ń tàn, Àlájà. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

"Kò ṣẹ́jú! Nígbà tí ọ́ìlì jò lóòótọ́ lọ́dún tó kọjá, iná yìí ń ṣẹ́jú ni. Tí mo bá tẹ tórótù kí ọkọ̀ sáré, á kú, tí mo bá dúró sí jọ́ńṣọ̀n á tàn. Eléyìí, mo tẹ̀ ẹ́ o, mi ò tẹ̀ ẹ́ o, ó ranjú mọ́ mi bí ẹni tí mo jẹ lówó. Irọ́ ló ń pa."

Ibi tá a wà nìyẹn tí ìjàpá funfun kan fi yà wọlé. Ọláníkẹ́ ni, tíṣà kan ní Bódìjà tó máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí wa. "Àlájà, búrẹ́dì mi dà? Ẹ̀kọ lọkọ mi mu lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí!"

Ọkọ̀ funfun yẹn ni Nàfísátù ń wò, bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ó ní, "Àǹtí Níkẹ́, ẹ yá mi ní ìjàpá yín. Kì í ṣe kí n wà á o."

Ohun kékeré kan wà lára ẹ́njìnnì, tí kò ju ìdérí ìgò lọ, wáyà kan ṣoṣo ló so mọ́ ọn. Òun ló ń gbọ́ bóyá agbára ọ́ìlì pé, òun ló sì ń ránṣẹ́ sí iná iwájú. Súwíìsì ọ́ìlì ni wọ́n ń pè é. Nàfísátù fẹ́ pààrọ̀ tirẹ̀ àti ti Ọláníkẹ́ wò, torí ọkọ̀ kan náà ni, kí ó lè mọ̀ bóyá súwíìsì ló yawèrè, láìná kọ́bọ̀.

Ọláníkẹ́ kọ́kọ́ yarí. "Tí tiyín bá ran tèmi ńkọ́?"

"Kì í ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná. Wọ́n kàn fẹ́ jọ pààrọ̀ fìlà ni."

Sípánà ni a ò ní. A lọ yá a lọ́wọ́ Àyànṣọlá tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa, ẹni yẹn sì tẹ̀ lé sípánà rẹ̀ wá kó má bàa pàdánù ẹ̀rín. "Àlájà, ṣé búrẹ́dì ò tà mọ́ ni? Ẹ fẹ́ wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa?"

"Tó o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mú ẹnu ẹ lọ síwájú, kí o máa bá mi wo iná."

Ó tú ti funfun, ó tú tirẹ̀, ó pààrọ̀ wọn. Ọláníkẹ́ ṣíná sí ọkọ̀ tirẹ̀: iná tàn, ẹ́njìnnì dún, iná kú. Kò ṣe nǹkan kan. Nàfísátù ṣíná sí tirẹ̀: iná ṣì ranjú.

"Súwíìsì kọ́," Ọláníkẹ́ wí, ó sì fọwọ́ bà á léjìká bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. "Ẹ́njìnnì náà ni, Àlájà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

Nàfísátù dá fìlà kálukú padà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan wáyà tirẹ̀, kò so ó. Ó dì í mú lókè bí ẹni di ìrù eku mú. "Wáyà yìí nìkan ni ẹ́njìnnì fi ń bá iná sọ̀rọ̀, àbí? Mo ti fà á yọ. Mo ti dí ẹ́njìnnì lẹ́nu, kò yẹ kí iná tàn rárá mọ́. Ìyá Yọ̀mí, yí kọ́kọ́rọ́. Kí lo rí?"

Mo yí i. Mo wò ó. Mo tún nu ojú mi wò ó.

"Ó ń tàn."

"Ó ń ṣe kí ni?"

"Àlájà, ó ń tàn!"

Àyànṣọlá ti orí bọ inú ọkọ̀, ó rí i, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nàfísátù pàtẹ́wọ́ kan gbàà. "Ta wá ló ń sọ̀rọ̀? Ẹ́njìnnì ò sí níbẹ̀! Wáyà ló fara kan irin níbì kan lójú ọ̀nà, tó ń pariwo fúnra ẹ̀!"

Àyànṣọlá ní ká lọ pe rìwáyà, torí àwọn tó ń rìwáyà ló ni wáyà. Nàfísátù ní òun lójú. Ó gbé àga ẹ̀yìn jù síta, ó ń tọ wáyà lọ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọwọ́ rẹ̀ dé etí rọ́ọ̀gì pupa, ó dúró.

Ẹ rántí rọ́ọ̀gì àsìkò yẹn. Ẹni tí ò bá tẹ́ rọ́ọ̀gì sínú ọkọ̀ ṣáájú Iléyá, wọ́n á ní ọkọ̀ rẹ̀ wà níhòòhò. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, àwọn oníkúṣọ́ọ̀nù ní Dúgbẹ̀ ti tẹ́ ti Nàfísátù náà, wọ́n sì fi ìdè onírin, èyí tí wọ́n ń yí wọlé bí ìṣó, dè é yíká kó má bàa ká. Ó fa etí rọ́ọ̀gì sókè. Ìdè kan gba àárín wáyà kọjá, ó wọ inú irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ ràì. Ó gba sùkúdíráfà, ó yí i, ó yí i, ìdè yọ.

Iná kú.

Ó fi téèpù dúdú we ojú ọgbẹ́ wáyà, ó so ẹnu rẹ̀ padà mọ́ ẹ́njìnnì. Ó yí kọ́kọ́rọ́, iná tàn bó ṣe yẹ. Ó jẹ́ kí ẹ́njìnnì dún, iná kú bó ṣe yẹ. Ó tẹ tórótù títí tí èéfín fi bo Àyànṣọlá, iná ò padà wá. Mo ní kó lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ kíá. Ó ní, "Ṣé òun sọ fún mi kó tó tà á?"

Ní Sátidé wọ́n dé lóòótọ́. Ọ̀gá Àjàgbé ló síwájú, ọkùnrin Àpáta tẹ̀ lé e pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, Sùlàímọ́nù ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń wolẹ̀. Nàfísátù ti jókòó sídìí ọkọ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí Àjàgbé láti ojú fèrèsé.

"Ọ̀gá, ẹ ṣí i fúnra yín. Ẹ gbé sùkúdíráfà yín dání, ẹ má gbàgbé etí."

Àjàgbé ṣí i. Iná tàn, ó kú. Ó pa á, ó tún un ṣí. Nàfísátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó fi ìdè náà hàn án. Ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ tijú.

"Èmi mẹkáníìkì ni, Àlájà. Wáyà, ti rìwáyà ni. Rọ́ọ̀gì, ti oníkúṣọ́ọ̀nù ni. Mi ò kì í dá sí iṣẹ́ oníṣẹ́."

"Ẹ ti pín ọkọ̀ mi bí ẹran iléyá, kálukú mú apá tiẹ̀! Ta ló wá ni gbogbo ẹ̀?"

Sùlàímọ́nù wúkọ́. "Ìyá Moróunkẹ́, ó dáa náà. Àmọ́ mo ti fún wọn lọ́rọ̀ mi. Ọkùnrin yìí ti Àpáta wá."

"Ọ̀rọ̀ yín lẹ fún wọn, Bàbá Moróunkẹ́. Ẹ so ó mókùn, kí wọ́n máa fà á lọ s'Ápáta."

Ọkùnrin Àpáta ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ká okùn rẹ̀. Nàfísátù na ọwọ́ síta fún kọ́kọ́rọ́, Àjàgbé sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò mí. "Ìyá Yọ̀mí, ṣé ò ń bọ̀ ni àbí o fẹ́ dúró wo ọkùnrin?" Mo bọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀. A ò dúró títí a fi kọjá Dúgbẹ̀.

Nígbà tá a dé ilé búrẹ́dì, obìnrin kan ti dúró síbi tí Nàfísátù máa ń dúró, ó ti ń ka búrẹ́dì sínú páálí. Ọkùnrin tó ń pín in rí wa, ojú rẹ̀ yí padà.

"Àlájà! Wọ́n ní ẹ ti ta ọkọ̀."

"Ta ló wí?"

"Ọ̀gá Àjàgbé lẹ́yìn ilé wa níbí."

"Ẹ wo ìta. Kí lẹ rí?"

Ó na ọrùn, ó wò. Ìjàpá ń dún ràràrà níwájú ilé, Nàfísátù ò pa á, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí gbogbo Challenge lè gbọ́. Ó yíjú sí obìnrin tó gba ipò rẹ̀. Kò bú u. Ó kàn ní, "Ẹ máa bínú, ìyá, ẹ dá a padà sílẹ̀. Tèmi ni."

A kó o títí ó fi kan òrùlé. Nígbà tí àyè tán, wọ́n kó èyí tó kù lé mi lẹ́sẹ̀, ó gbóná débi pé mo ń pariwo láti Challenge dé Bódìjà. Nàfísátù ò tilẹ̀ gbọ́ mi. Fèrè ọkọ̀ ló ń fọn.