Ọjọ́ Tí Mo Di Iṣu Sínú Ọkọ̀ Ogun

Ọjọ́ tí mo pàdánù ayé tí mo fi oṣù mẹ́ta tẹ̀ dó sójú sánmà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Inú fóònù layé ọ̀hún wà o, ẹ má pè mí ní wèrè. Ìlá Tuntun ni mo sọ ọ́.

Ràṣídì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ iṣu mi, ló kọ́ mi ní géèmù náà. Níbẹ̀, fúnra ẹni lèèyàn ń to ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀: ọ̀kan fún ẹrù, ọ̀kan fún amí, ọ̀kan fún ìjà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ràṣídì ní òun ń bọ̀ wá gba Ìlá Tuntun. Mo yára to ọkọ̀ ogun mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àyè òfìfo inú wọn, ara mi ò gbà á. Láti ìgbà tí mo ti ń kó iṣu títà bọ̀ láti ìlú Ọ̀rà, ọkọ̀ tí mo fi ń kó o ò rìn lófo rí. Mo bá yọ ìbọn kúrò, mo di iṣu tí mo gbìn sí Ìlá Tuntun kún wọn.

Nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ mi ń wọ́ bí aláboyún. Ràṣídì dáná sun mẹ́jọ, ó kó méjì tẹrùtẹrù, ó sì gba Ìlá Tuntun.

"Mọ́mì, ta ní ń kó iṣu lọ sójú ogun?" Ràṣídì ké sí mi láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Àwọn ọmọ ogun tìrẹ kì í jẹun ni?"

"Wọ́n ń jẹun, mà. Tiyín ni wọ́n ń jẹ lọ́wọ́."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn báyìí, ìbọn nìkan ló wà nínú ọkọ̀ ogun mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo àyè òfìfo yẹn, ó ń dùn mí wọra.