Wákàtí Mẹ́wàá Tí Mo Fi Rúlà Wọ̀n

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Bódìjà, kò sí ìwé tó dùn mọ́ mi bí átíláàsì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àwòrán ayé inú rẹ̀, tí Áfíríkà wà láàárín bí itan adìyẹ.

Nígbà tí Bàbá wa fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì, tí bàálù wọn yóò gbéra n'Íkẹjà láago mẹ́wàá alẹ́, mo gbé rúlà lé àwòrán náà. Mo wọn ọ̀nà láti Èkó débẹ̀, mo fi eré tí olùkọ́ wa ní bàálù ń sá pín in, ó di wákàtí mẹ́wàá. Mo sáré tọ Ìyá Àgbà lọ, ìyá tó bí Bàbá, tí wọ́n wá láti Ṣakí. Mo ní, "Ìyá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa balẹ̀."

N kò mọ ohun tí mo dá sílẹ̀. Bí ọmọ Ìyá Àgbà bá wà lójú ọ̀nà, wọn kì í jẹun títí yóò fi dé. Ìbáà ṣe Ìlọrin ló ń lọ, ààwẹ̀ ni. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, dókítà sì ti kìlọ̀ ebi fún wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? "Ẹnu tí mo fi ń bẹ Ọlọ́run ni ẹ ní kí n fi jẹun?" ni wọ́n máa ń wí.

Láago mẹ́jọ, wọ́n ti gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kalẹ̀ ní pálọ̀ onílé wa, wọ́n dojú kọ tẹlifóònù tí Bàbá máa pè bí wọ́n bá ti balẹ̀. Kò dún. Aago mẹ́sàn-án, kò dún. Nígbà tó di mọ́kànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí ní aago mẹ́jọ! Ibo ni bàálù wá gbé ọmọ mi lọ?" Mo tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn kan náà ni. Màmá gbá mi létí, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. Bí n kò bá dárúkọ aago ni, ìdúró lásán ni à bá dúró. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọ̀fọ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ Ìyá Àgbà ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, wọn kò sì gbà kí tíì kan ẹnu wọn. Mo rò pé ẹni méjì ni mo máa pa.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni tẹlifóònù dún. Bàbá ni, láti Lọ́ńdọ̀nù! N kò mọ̀ pé wọ́n ní láti wọ bàálù mìíràn níbẹ̀, kùrukùru kò sì jẹ́ kí ìyẹn gbéra. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè, ìlà ni kò wọlé.

Gbogbo wa wo Ìyá Àgbà. Wọ́n bèèrè pé, "Ṣé orí ilẹ̀ ló wà báyìí?"

Màmá ní, "Orí ilẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ méjì, wọ́n mumi, wọ́n nu ẹnu. "Ó dáa. Ẹ ní kó tún máa lọ." Bẹ́ẹ̀ ni ààwẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Lóde òní, inú fóònù la ti ń wo bàálù bó ṣe ń rákò lórí òkun, tòun ti ìṣẹ́jú tó kù. Kò sọ́mọ tí yóò gba ìgbájú nítorí ìṣirò. Lọ́dún tó kọjá, èmi náà fò lọ sí Kánádà. Bí mo ṣe balẹ̀ ni mo sáré pe ilé. Àkọ́bí mi gbé e, oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mummy, a ti rí i pé ẹ ti balẹ̀." Inú mi dùn pé ọkàn wọn balẹ̀. Síbẹ̀, mo dúró ti ẹrù mi ní pápákọ̀ òfurufú, mo ń sunkún, nítorí kò sí ẹni tó ń fi ebi dúró dè mí mọ́.