Orúkọ Tí Ìyàwó Wa Sọ Sinimá

Nígbà ayé òyìnbó, èmi ni mo máa ń kọ pátákó sinimá ní Ọ̀tà. Ọkùnrin kan láti Èkó ló máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn kan nítòsí ọjà ní gbogbo Sátidé. Yóò sọ ìtàn fíìmù fún mi ní ṣókí, èmi yóò wá fún un lórúkọ Yorùbá, n ó sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà. Mo ka ara mi sí ẹni ńlá nígbà náà.

Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo sọ kún pátákó bámúbámú: "Ìtàn Akíkanjú Ọkùnrin Kan àti Àwọn Ọ̀tá Rẹ̀ Gbogbo." Ta ló fẹ́ dúró lójú ọ̀nà ka ìyẹn tán? Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo pè ní "Ikú Ọ̀gágun." Àwọn télọ̀ tí mo máa ń gbé pátákó ti ìsọ̀ wọn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ní fi ikú ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Àlùfáà kan tó ń kọjá bi mí pé, "Bí ọ̀gágun bá ti kú lára pátákó, kí la tún fẹ́ wá wò?" Mo bínú sí i, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Gbọ̀ngàn ṣófo. Ọ̀gá tó ni ẹ̀rọ ní bí Sátidé tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, Agége lòun ń gbé ẹ̀rọ òun lọ, ó dìgbà.

Mo gbé pátákó òfìfo kalẹ̀ lágbàlá, mo ń wò ó. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì pé ọdún kan nílé wa, bi mí pé kí ló dé, mo sì ro ẹjọ́ mi àti ìtàn fíìmù Sátidé tó ń bọ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, nítorí náà ó ti wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sọ wá lórúkọ tirẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ni Eyínmẹ́nugún. Èmi tí mo ga ni Agùntáṣọọ́lò.

"Agùntáṣọọ́lò, kí lèèyàn máa kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin inú sinimá ọ̀hún, kó tó lanu sọ̀rọ̀?"

Mo ní fìlà ni. Ó ń dé e jẹun, ó ń dé e kí àgbà, àfìgbà tí fíìmù bá fẹ́ parí.

"Ẹ má sọ ti ìparí yẹn fún wọn. Ẹ pè é ní 'Kò-Ṣí-Fìlà.'"

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó di Sátidé, àwọn àgbààgbà ti ń fapá jánú kiri ọjà: ọmọ ta ni kì í ṣí fìlà fún àgbà? Gbogbo wọn ló wá wò ó. Gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣí fìlà níwájú ìyá rẹ̀ níkẹyìn, baba arúgbó kan fò dìde. "Ó ti ṣí i o!" Ariwo sọ.

Ọ̀gá dì mọ́ mi. "Ta ló ronú kan orúkọ yìí?"

"Èmi ni," mo dáhùn kíá.

Ìyàwó wa wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́. Ojú tì mí, àmọ́ n kò lè kó ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ o, Èmi-Ni."

Kíá ni gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rín ló ń rín. Títí tó fi kú, kò pè mí ní Agùntáṣọọ́lò mọ́.